Sẹ́ẹ̀lì Karùn-ún

Wọ̀n-ọ́n-wò ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí wa sọ ọ́ lọ. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí èèyàn méjì kò lè yíra padà sí. Bí oníbàárà bá dé, tó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe bátìrì rẹ̀ o, ojú rẹ̀ nìkan ló fọ́," ẹ̀gbọ́n mi á na ọwọ́ sí tẹ́sítà rẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò." Àìmọye ìgbà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bí mi nínú. Bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, ó máa wá ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n kó tó gbà gbọ́. Ẹni tó bá bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dàgbà nínú yàrá kan ṣoṣo á mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Èmi ni àbúrò rẹ̀. Kọ́tìnì ni mò ń rán, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ń pè mí ní Ẹlẹ́nu. Àwa méjèèjì jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wa lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́rin, àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́ta sí ilẹ̀. Aago ọwọ́ ni Bàbá wa ń tún ṣe. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì kan tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Màmá ní tiwọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ki òwú sínú mátírẹ́ẹ̀sì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi fa eruku òwú símú, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ti gba ohun tó gbà. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní ọ́síjìn, àfi ìgbà díẹ̀ lójúmọ́.

Ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, iná àdúgbò wa sì jẹ́ àlejò tí kì í dágbére. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pinnu pé òun máa fọwọ́ ara òun ṣe bátìrì. Ó ra sẹ́ẹ̀lì lítíọ̀mù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń tú àwọn mọ́tò oníná tó ti bàjẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí pẹlẹbẹ, ó sì wúwo bí ìwé atúmọ̀ èdè. Ó to mẹ́jọ sínú àpótí pákó, ó fi ọ̀já bàbà so wọ́n pọ̀ kí iná lè máa gba ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ó wá de bọ́ọ̀dù kékeré kan mọ́ ọn tó máa pa gbogbo rẹ̀ bí ẹyọ kan nínú wọn bá ti fẹ́ gbẹ. Lórí ìdérí àpótí, ó fi ojú kékeré kan sí i tó ń fi nọ́ńbà mẹ́jọ hàn, ti sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkẹsàn-án tó ṣẹ́kù, ó fi ṣe àtùpà fún tábìlì Bàbá, ó sì fún wọn ní ṣájà tó wà fún sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan. Ó ní bátìrì náà máa gbé ẹ̀rọ Màmá fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. A dán an wò, ó sì gbé e.

Láti ìgbà náà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó máa kọ nọ́ńbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí apá òsì ìwé aláwọ̀ ewé kan. Lẹ́yìn náà ló máa fi ohun kékeré kan há ìka Màmá, èyí tó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á kọ ìyẹn náà sí apá ọ̀tún. Á ní, "Báwo lara, Màmá?" Màmá á ní, "Ara mi le koko." Òun á di báàgì rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù.

Ní Ọjọ́rú kan, iná lọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Bátìrì gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn lọ, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó pé àádọ́ta ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ dákẹ́.

N kò lè gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Màmá na ọrùn, wọ́n ya ẹnu, èjìká wọn ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. A ní sílíńdà ọ́síjìn kékeré kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. N kò lè ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi ló já a gbà lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú méjìlá la fi dúró kí iná tó padà. Nígbà tó máa fi dé, abẹ́rẹ́ orí sílíńdà ti sùn sórí òdo, ètè Màmá sì ti ń ṣú.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ béèrè bóyá iná náà máa dúró. Ìwé kan ni mo bá lára ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Àwọn oníná fẹ́ pààrọ̀ òpó, wọ́n máa pa iná láti aago méjì ọ̀sán di aago márùn-ún, lọ́jọ́ náà gan-an. Wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bátìrì wa kò lè gbé wákàtí kan.

"Ilé ìwòsàn ni," mo wí bí mo ṣe wọlé. "Ká máa gbé wọn lọ báyìí."

"Ẹ má gbé mi gba orí àtẹ̀gùn yẹn o," Màmá wí. Ohùn wọn ò tíì padà sípò.

Kì í ṣe agídí. Ìgbà kan tí a fi àga gbé wọn sọ̀kalẹ̀, àjà kejì ni wọ́n ti dákú mọ́ wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sílíńdà ń ṣiṣẹ́ nímú wọn nígbà náà. Ní báyìí, sílíńdà ti gbẹ. Bàbá pe àwọn tó ń bá wa rọ ọ́síjìn sínú rẹ̀, wọ́n ní ó di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wo àpótí bátìrì bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ já kulẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹlẹ́nu, fún mi di aago kan. Bí aago kan bá lù tí n kò tíì tún un ṣe, ká pe akunlé tó wà lájà kejì kó wá bá wa gbé wọn. Iná á ṣì wà nígbà yẹn. Wọ́n á ti mí dáadáa kí wọ́n tó kúrò nídìí ẹ̀rọ."

"Bí wọ́n bá tún dákú lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Ṣé tẹ́sítà lẹ máa fi jí wọn?"

"Mo ní di aago kan."

Mo fajú ro, ṣùgbọ́n mo gbà. Láàárín ká fún Màmá ní tíì àti kí n máa bá gbogbo ayé jà láti ilé ìdáná, aago mẹ́sàn-án kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sídìí àpótí nínú yàrá tó kángun sí pálọ̀, ó tẹ ojú kékeré yẹn, nọ́ńbà mẹ́jọ jáde. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ 3.35.

"Wò ó," ó wí. "Gbogbo wọn dọ́gba. Kò sí èyí tó ṣàárẹ̀ nínú wọn." Ó ṣí ìwé aláwọ̀ ewé, ó ń fi ìka tọ ojú ewé lọ fún mi. "Oṣù kan ó lé, wọn ò yàtọ̀ síra. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń ṣe wá. Bọ́ọ̀dù ló ń pa á láìnídìí."

Ó ní bọ́ọ̀dù mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wáyà tínínrín mẹ́sàn-án ló ní láti yọ, kó sì jó wọn padà pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ò sì gbọ́dọ̀ ṣi ipò. Mo dúró tì í, mò ń ka ìṣẹ́jú sí i létí títí ó fi ní bí n kò bá dákẹ́, òun máa jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tó parí, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kò fẹ́ fi ẹ̀rọ Màmá dán an wò. Ó gbé pákó kan jáde tó de gílóòbù iwájú ọkọ̀ akẹ́rù márùn-ún mọ́, ó so ó mọ́ bátìrì. Yàrá mọ́lẹ̀ débi pé a ní láti yíjú kúrò. Ooru gílóòbù ń fẹ́ sí wa lójú, àwa méjèèjì tẹjú mọ́ nọ́ńbà. 3.28, 3.28, 3.28, 3.28. Ìkarùn-ún jẹ́ 3.24.

N kò ka ìyẹn sí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn yòókù ṣì wà ní 3.27, ìkarùn-ún ti di 3.17. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, 3.09, ó sì ń lọ sílẹ̀ lójú wa. Ẹ̀gbọ́n mi pa gílóòbù. Òkùnkùn ṣú mi lójú fúngbà díẹ̀.

"Ẹ rí i," mo wí. "Ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá látàárọ̀. Wákàtí méjì lẹ fi ń jó wáyà. Ìwé yín yẹn, irọ́ ló ń pa."

"Nọ́ńbà tí mo rí ni mo kọ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó yẹ kí n ti gbé ẹrù lé e látìbẹ̀rẹ̀. Bátìrì tó bá jókòó lásán, kò sí ohun tí kò lè sọ fún ọ. Ẹrù ló ń mú kó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀ tó báyìí, báwo ló ṣe ń bá àwọn ìyókù dọ́gba láràárọ̀?"

Ó tún ṣí ìwé náà, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú, ìkarùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn: 3.33 nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ 3.35, ọjọ́ kejì 3.32, ọjọ́ kẹta 3.31. Ó ti fi bírò pupa yí i ká. Lọ́jọ́ kẹrin, lójijì, 3.35. Láti ọjọ́ náà kò fi bíńtín yàtọ̀ mọ́.

"Kò sí ohun tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ láyé," ó wí.

"Èmi ni."

Bàbá ló wà lẹ́nu ọ̀nà, gíláàsì tí wọ́n fi ń wo inú aago ṣì wà lójú wọn kan. A ò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Wọ́n mú ṣájà kékeré ti àtùpà wọn dání, wáyà rẹ̀ méjèèjì ń fì.

"Ìgbà yẹn, o kì í sùn mọ́," wọ́n wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ tí o bá ń lọ wo àpótí. Mo rí ibi tí o fi pupa yí ká. Mo wá rò ó pé bí nọ́ńbà yẹn bá dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wàá sùn. Láràárọ̀, kí o tó jí, mo máa ń fi ṣájà yìí bù kún un. Àárọ̀ yìí náà, nígbà tí àbúrò rẹ ń pariwo nílé ìdáná, mo ṣe é."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lẹ́nu mi. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni èyí tí mo kábàámọ̀ jù. "Ẹ̀mí ìyá wa lẹ fi ń bo àṣírí bátìrì, Bàbá?"

Wọ́n yọ gíláàsì kúrò lójú, ojú wọn kéré lójijì.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ ní ẹni tó bá ń ti ọwọ́ aago síwájú láràárọ̀, kò tún aago ṣe, ó kàn ń bá a purọ́ ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," Bàbá wí. "Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Rárá. Ó ti ń kú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kàn jẹ́ kó kú láìjẹ́ kí n mọ̀ ni."

Màmá pè wá láti pálọ̀. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá," àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi yíjú wò wá, èmi àti Bàbá, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn ta á létí. Ṣùgbọ́n aago mọ́kànlá ti kọjá, kò sí àyè ìrònú. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló kù láti wá, irú rẹ̀ kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tú mọ́tò ń gbé lọ́nà jíjìn. Kó tó béèrè, Bàbá ti lọ sídìí tábìlì wọn. Wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nídìí àtùpà, wọ́n gbé e wá mọ́ àyà.

"Ọmọ ìyá wọn ni," wọ́n wí. "Ìkẹsàn-án."

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó so wáyà ìgbóná kan mọ́ ọn, ó ri wáyà náà sínú ife omi, ó sì jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, ó ń wo nọ́ńbà bí omi ṣe ń gbóná. Ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ikú ń bọ̀ ní aago méjì. Mo lọ sí pálọ̀, mo padà wá. Mo lọ, mo padà wá. Nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì náà kò mì.

Nígbà náà ló tó bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó kó wọn fún mi. Ó fi téèpù wé ọwọ́ sípánà títí dé ọrùn. Ó ní bí irin kan bá fi lè so ojú sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀ lọ́nà àìtọ́, iná tó máa bẹ́ níbẹ̀ lè yọ́ irin náà mọ́ni lọ́wọ́, kò sì ní mọ síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó tú ọ̀já bàbà kúrò lórí sẹ́ẹ̀lì karùn-ún, ó tú pákó tó há gbogbo wọn mọ́ra, ó fa òkú náà jáde. Ikùn rẹ̀ ti wú. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i, àfi ìgbà tó dá dúró lórí ilẹ̀.

Aago méjìlá kọjá dáadáa. Ó ti ìkẹsàn-án sáàyè, ó há wọn padà, ó dá ọ̀já bàbà padà sórí wọn, ó ń mú nọ́ọ̀tì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn ló yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta, ó sì há sáàárín ọ̀já méjì. Ó fara kan ọ̀kan, ó ku bí ìnípọn irun orí kó kan èkejì.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọwọ́ tí n kò rí kó gbọ̀n rí láyé mi.

"Sún," Bàbá wí jẹ́ẹ́.

Wọ́n kúnlẹ̀ sípò rẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀mú oníke tí wọ́n fi ń gbé eyín aago, wọ́n fi gíláàsì padà sójú. "Iná," wọ́n wí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí ìmọ́lẹ̀ má bàa jó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí kì í lè bu tíì kó má dànù sínú àwo. Ẹ̀mú wọlé sáàárín bàbà méjèèjì, ó dúró, ó rọra di nọ́ọ̀tì mú, ó gbé e sókè tààrà. Wọ́n gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, wọ́n wá jókòó sílẹ̀, ọwọ́ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Wọ́n fọwọ́ gbá mi lórúnkún.

Aago kan ku ìṣẹ́jú méjìlá, gílóòbù márùn-ún tàn. Akunlé tí mo ti lọ pè sílẹ̀ ti gòkè wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga, ọ̀dà funfun ṣì wà nírun rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ 3.28. Aago Bàbá tó wà lára ògiri lu ẹyọ kan. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Akunlé wo ẹ̀gbọ́n mi. Ìkarùn-ún jẹ́ 3.27, àwọn yòókù 3.27.

"A ò ní gbé wọn," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà má jìnnà sílé."

N kò jà. Ṣùgbọ́n mo ro ó lọ́kàn mi pé bó bá ṣì í, n kò ní dárí jì í láéláé, n kò sì ní dárí ji ara mi.

Ó yọ gílóòbù, ó jẹ́ kí bátìrì mu iná títí di aago méjì. Àwọn oníná yẹn, tí kì í ṣe ohunkóhun lásìkò, wọ́n pa á ní aago méjì géérégé. Ẹ̀rọ Màmá ta kẹ́, ó ń kùn lọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó ní pálọ̀, a ti gbé àpótí síbẹ̀ kí a lè máa rí nọ́ńbà. Màmá ní, "Ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fò." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó pé ogójì ìṣẹ́jú. Ó pé márùndínláàádọ́ta. Nígbà tó pé àádọ́ta, mo di apá àga mú, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ yẹn nínú eegun mi. Ó pé mọ́kànléláàádọ́ta. Ìkarùn-ún jẹ́ 3.25, gbogbo wọn jẹ́ 3.25. Ó pé wákàtí kan. Bàbá yọ fìlà, wọ́n nu orí.

Iná dé ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bátìrì kò dákẹ́. Mo dìde, mo fẹ́ jó, mo fẹ́ bú ẹnì kan, mo fẹ́ sùn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kí n gbé omi tíì kaná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ò yọ̀. Ìwé aláwọ̀ ewé wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, apá ọ̀tún ló ń wò, níbi tí ó ń kọ nọ́ńbà ìka Màmá sí. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, kò fi ẹyọ kan lọ sókè, kò fi ẹyọ kan wá sílẹ̀.

Ó mú ohun ìka náà, ó kúnlẹ̀ síwájú àga Màmá. "Màmá, báwo lara?"

"Ara mi le koko."

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn dé ìdí tábìlì Bàbá."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Aago mi ò bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká ṣáà rìn. Mo dì yín mú."

Màmá wo Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀. Mo ti mọ ojú yẹn láti àárọ̀.

Wọ́n dìde. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohun ìka há wọn níka, mo gbé okùn ọ́síjìn tẹ̀ lé wọn. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti orí àga yẹn dé ìdí tábìlì. Ní ìṣísẹ̀ karùn-ún, wọ́n dúró, wọ́n ṣe bí ẹni ń wo ìta. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ibẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá tábìlì mú, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Nọ́ńbà náà jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Bàbá gbé àga wọn sábẹ́ wọn. Ó pẹ́ kí Màmá tó lè sọ̀rọ̀. "Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Bàbá yín máa ń bá mi yí ọ́síjìn ẹ̀rọ yẹn sókè," wọ́n wí. "Láti lítà méjì sí mẹ́rin. Màá wá jókòó jẹ́ẹ́ títí o fi máa wọ̀n mí. Bí o bá ti jáde, wọ́n á yí i padà, torí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kọjá méjì." Wọ́n mí. "O ti ń ṣe wàhálà jù, ọmọ mi. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n."

Bàbá dúró sẹ́yìn wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tí kò ní sẹ́ẹ̀lì mọ́, wọn ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi mú bírò. Ó ṣí ìwé sí apá ọ̀tún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Má kọ ìyẹn," Màmá wí.

Bírò dúró lókè ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wọn jiyàn, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. A ń gbọ́ ẹ̀rọ, a ń gbọ́ èémí Màmá lórí rẹ̀, kúkúrú, kúkúrú. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi lé ọwọ́ tó mú bírò.

"Ó dáa," wọ́n wí. "Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó sì kọ ọ́.